Ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà, iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin: ẹ̀yin tí iṣẹ́ ń gbé rìn, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Atúnẹ̀rọṣe_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn ni mo máa ń tún ṣe. Ìbàdàn ni ọ̀fíìsì wa wà, àmọ́ àwọn oníbàárà wa fọ́n káàkiri: Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì, títí dé Ìlọrin. Ọ̀sẹ̀ tí mi ò bá sùn síta lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó mi á bi mí bóyá wọ́n ti lé mi níṣẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé mi wá síbí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo kúrò nílé. Mo dé gáréèjì ní Ìwó Road, wọ́n ní ọkọ̀ Àkúrẹ́ ku èèyàn mẹ́rin. Èèyàn mẹ́rin yẹn ò pé títí aago méje fi kọjá. A gba Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà, Òwenà, mo sì dé ilé ìwòsàn láago mọ́kànlá ààbọ̀. Wọ́n kí mi káàbọ̀, wọ́n fún mi lómi. Kọ́kọ́rọ́ yàrá àyẹ̀wò ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ métírọ̀n. Métírọ̀n ńkọ́? Ó lọ síbi ìsìnkú l'Ọ́wọ̀, "àmọ́ ó ti ń bọ̀."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kọ́kọ́rọ́ dé. Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo rí i pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa omi wọlé ló ti sán. Kò gùn ju ìka mi lọ. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Kí n tẹ̀ ẹ́ kí n dán an wò báyìí ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ni ò sí. Bí mo ṣe sun Àkúrẹ́ nìyẹn, nítorí ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lọ́jọ́rú mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́, mo kọjá sí Adó. Ẹjọ́ kan náà: ẹni tó máa buwọ́ lùwé wà nípàdé. Ọjọ́bọ̀ ni mo tó wọ Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀gá mi wo ìwé mi, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ méjì?" Kò pariwo o. Àìpariwo yẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nígbà tí mo délé mo ṣírò ó. Nínú odidi ọjọ́ mẹ́ta, àkókò tí ọwọ́ mi fi kan irinṣẹ́ ò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Rìpọ́ọ̀tù tí mi ò rí kọ lójú ọ̀nà, Àbámẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, tí àwọn ọmọ mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn bíi tèmi, ibo lẹ ti ń rí àkókò? Ẹ má sọ fún mi pé kí n tètè máa jí o. Mo ti ń jí.

Ọmọ_Àgbẹ̀dẹ · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Métírọ̀n gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá àyẹ̀wò lọ síbi ìsìnkú. Ṣé ẹ̀jẹ̀ òkú ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ni? 😂

Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ti gbé àga kalẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ.

Ìyá_Moréni · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Oògùn ni mò ń gbé kiri fáwọn ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín. Kì í ṣe ọ̀nà ló jẹ àkókò yín. Láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, bíi wákàtí mẹ́rin. Abẹ́ igi máńgòrò, wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú. Gáréèjì, ó lé ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, odidi òru nítorí dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ ò lè gé ọ̀nà kúrú, àmọ́ bẹ́ǹṣì yẹn ṣeé gé.

Ṣé ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ? Mo mọ̀ pé ẹ pè. Mo tún mọ ohun tí wọ́n sọ: "Ẹ máa bọ̀, kò séwu." Ọ̀gá mi, "ẹ máa bọ̀" kì í ṣe èsì, ìkíni ni. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbé fóònù tí yóò ní kí àlejò má wá? Bí òrùlé bá ń jó lọ́wọ́, wọ́n á ní kí ẹ máa bọ̀.

Èmi ò kì í béèrè bóyá kí n wá. Orúkọ èèyàn ni mo máa ń béèrè. "Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi láago mọ́kànlá?" Tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo pe òun fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ó wà níbẹ̀ lọ́la?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìsìnkú ti máa ń yọjú. "Áà, mo fẹ́ yà sí Ọ̀wọ̀ lọ́la o." Ó dáa, ta lẹ ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún?

Ti iná ló tẹ̀ lé e. Ẹ má béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wà, torí ó wà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n tàn án kẹ́yìn. Tí ẹni tó gbé fóònù bá kọ́kọ́ dákẹ́ kó tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ èsì yín nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹni tó máa buwọ́ lùwé: tí ọ̀gá bá ní ìpàdé, kó ti yan ẹlòmíì sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí fóònù.

Rìpọ́ọ̀tù Àbámẹ́ta yẹn ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ lórí àpótí tí ẹ jókòó lé tún ẹ̀rọ ṣe. Mi ò ní "lójú ọ̀nà", mi ò sì ní "ní hòtẹ́ẹ̀lì", torí hòtẹ́ẹ̀lì ni ibi tí rìpọ́ọ̀tù ti ń sùn jù mí lọ. Ẹ ti kọ ìlàjì rẹ̀ sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé: ọjọ́, nọ́ńbà ẹ̀rọ, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Tí ẹ bá rí rọ́bà tó sán, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀ sórí Wasáàpù ara yín: "rọ́bà báyìí, mo pààrọ̀ rẹ̀, ó ku báyìí." Ìṣẹ́jú méjì ni. Èèyàn tó bá dúró di Àbámẹ́ta, ìtàn ló ń kọ.

Atúnẹ̀rọṣe_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

"Tí ẹni tó gbé fóònù bá kọ́kọ́ dákẹ́." Mà, ẹ ti mọ̀ wọ́n jù. Òótọ́ ni pé mo pè, "ẹ máa bọ̀" náà sì ni wọ́n sọ.

Bàbá_Dẹ́rẹ́bà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ẹni tó wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún ló ń bá yín sọ̀rọ̀, Èkó sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Èkó, títí orúnkún fi ní ó tó. Ìyá Moréni, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má gba ẹjọ́ kúrò lọ́rùn ọ̀nà báyẹn. Ọ̀nà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ló ń pè é ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìsìn òru wà ní Redemption City. Ẹni tó bá fi ọjọ́ yẹn ṣe ìpàdé ọ̀sán ní Èkó, tó ní òun máa wọ Ìbàdàn nírọ̀lẹ́, á mọ gbogbo ẹni tó ń ta gálà láàárín Ìbàfò àti Mowé lórúkọ. Tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ṣọ́ra fún Kara, ibi tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgbò lẹ́bàá afárá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ẹni tó wá ṣe ìnáwó ló ń padà sí Èkó, tàwọn ti ike tí wọ́n fi tọrẹ níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí mo gbé, ẹni tó bá gbọ́n nínú wọn, èmi ló kọ́kọ́ máa ń bi kó tó fún oníbàárà lọ́jọ́.

Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ wa, mi ò ní purọ́. Kìlómítà 157 ni, ó ń yà ní Abẹ́òkúta, tírélà tó ṣubú ní Ògèrè ò sì kàn án. Èèyàn rí kọ̀wé nínú rẹ̀, torí kì í gbé èèyàn sókè kó tún jù ú sílẹ̀. Àmọ́ Móníyà ló ń já èrò sí ní Ìbàdàn, Alágòmejì sì ni ti Èkó. Tí ilé yín bá wà ní Challenge, tí ìpàdé yín wà ní Lẹkki, ẹ ka Challenge dé Móníyà mọ́ ọn, ẹ ka Alágòmejì dé Lẹkki mọ́ ọn, kí ẹ tó máa yọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yábà tàbí Èbúté Mẹ́ta, kó tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ti gáréèjì: tí ọkọ̀ bá ku èèyàn kan tàbí méjì, ẹ san owó àga tó ṣẹ́ kù, kí dẹ́rẹ́bà gbéra. Owó yẹn kéré sí òru kan ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Alẹ́_Ló_Dáa · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Èmi, òru ni mo ń rìn. Aago mẹ́wàá alẹ́ mo ti wọkọ̀, mo sùn síbẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá mi nílùú tí mò ń lọ. Mi ò sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, mi ò pàdánù ọjọ́ kankan.

Bàbá_Dẹ́rẹ́bà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:58 àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ̀mí lo fi ń ra wákàtí. Ìwọ sùn, dẹ́rẹ́bà ńkọ́? Mo ti wakọ̀ lóru rí, nígbà tí mi ò tíì gbọ́n. Tírélà tó bàjẹ́ sójú títì, kò tanná, kò fi nǹkan kan sẹ́yìn ju ẹ̀ka igi lọ. Nígbà tí iná ọkọ̀ mi fi kan ewé yẹn, ó ku díẹ̀. Mi ò sọ nípa àwọn ajínigbé o, ìyẹn ìwọ náà ń gbọ́ lórí rédíò.

Ìyá_Moréni · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 àárọ̀

Ẹ gbà mí láyè kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi tì í lẹ́yìn. Ẹni tó fi ojú tí kò sùn tún ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe, ta ni yóò gba èsì ẹ̀rọ yẹn gbọ́? Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú. Màá kúrò ní Ìbàdàn láago méjìlá, màá wọ Àkúrẹ́ kí òòrùn tó wọ̀, màá jẹun, màá sùn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, nígbà tí iná sábà máa ń wà, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì lọ síbi kankan. Owó òru kan náà ni ẹ̀yin ná ní Àkúrẹ́. Ti yín wá lẹ́yìn ìyọnu, tèmi ṣáájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn méjì ni mo ń dé lọ́jọ́ kan tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kan ni, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní pé.

Yínká_Bàálù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará ilẹ̀, ẹ máa rántí wa lókè. Èkó sí Àbújá ni mò ń lọ lóṣooṣù. Bíi wákàtí kan ni bàálù fi ń fò, odidi ọjọ́ ló sì fi ń jẹ èèyàn.

Ohun tí ìyà fi kọ́ mi: bàálù kan náà ni wọ́n ń fi lọ tí wọ́n ń fi bọ̀ látàárọ̀. Tó bá pẹ́ ní wákàtí kan láàárọ̀, ó gbé e fún ti ọ̀sán, ti ọ̀sán gbé e fún ti ìrọ̀lẹ́, ó ń wú bí ẹ̀bà. Nítorí náà, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbà. Àfi ìgbà ọyẹ́. Láti December sí February, eruku ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run láàárọ̀ débi pé wọn ò ní jẹ́ kí bàálù gbéra títí òòrùn fi máa là á. Nígbà yẹn ti bíi aago mọ́kànlá lèmi ń gbà, mi ò sì ń fi ìpàdé sí ọjọ́ tí mo bá fò. Àwọn pápákọ̀ òfurufú kan sì wà nílé níbí tí kò gba bàálù lálẹ́. Tí ti ìrọ̀lẹ́ bá pẹ́ jù, wọ́n á fagi lé e ni.

Ẹ máa gbé àpò kan ṣoṣo, èyí tó lè bá yín wọ inú bàálù. Èyí tó bá wọ ìdí bàálù, ẹ ó dúró dè é bí ẹni ń dúró de ìyàwó.

Alhaja_Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ti sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ ti sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, ẹ ò sọ̀rọ̀ ẹbí.

Alábẹ̀wò ilé ìwé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìlọrin ni àbúrò ìyá mi ń gbé. Tí mo bá dé Ìlọrin tí mi ò yà, ìròyìn á ti dé Ìbàdàn kí n tó padà: "Wọ́n rí ọmọ yín ní Post Office o, kò yà wò wá." Tí mo bá sì yà, ọbẹ̀ kò tíì jinná. Tó bá jinná, wọ́n á ní ọmọ báyìí ń bọ̀ wá kí mi. Tí ọmọ báyìí bá dé, ilẹ̀ ti ṣú, "ibo lo tún ń lọ lálẹ́ yìí?" Wọ́n á tẹ́ ẹní. Ìwé àbẹ̀wò ilé ìwé mẹ́ta wà nínú báàgì, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Mo wá ọgbọ́n dá sí i. Ọjọ́ tí mo bá wọ ìlú ni mo máa ń pè wọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó rí mi: "Àǹtí, mo ti dé o. Iṣẹ́ ìjọba pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún, mò ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ yín, ẹ má dáná lónìí." Ó ti mọ ọjọ́, ó ti mọ aago, ó ti mọ̀ pé mi ò sá fún òun. Ọjọ́bọ̀ náà ni iṣẹ́ máa ń parí. Mo gbé búrẹ́dì ńlá méjì dání, mo jẹun ní ìfọ̀kànbalẹ̀, mo sì sùn síbẹ̀ láìsí gbèsè iṣẹ́ lọ́rùn. Ẹ má gé ẹbí kúrò nínú ìrìn yín, ẹ kàn fún wọn ní ọjọ́ tiwọn.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa náà, ẹ má jẹ́ kí n rí yín lójú ọ̀nà tí ẹ ń sọ pé ìrun gba àkókò. Ọlọ́run ti rọ̀ ọ́ fún arìnrìn-àjò: ráká mẹ́rin di méjì, èèyàn sì lè kó Àìlà pọ̀ mọ́ Àlàásárì. Àmọ́ ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní àdéhùn láago kan sí méjì ààbọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin lè wà ní Jímọ̀, wọ́n náà lè wà ní Jímọ̀, ọ̀nà Jímọ̀ náà ò sì ní ṣeé gbà fún ọkọ̀.

Ọmọ_Àgbẹ̀dẹ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 alẹ́

Alhaja, "wọ́n rí ọmọ yín ní Post Office" 😂😂 Ta ni "wọ́n" yìí gan-an? Wọ́n kì í sùn?

Àkànní_Àjàṣẹ́ · Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ní orílẹ̀-èdè Benin, ibi tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo. Mò ń ra ohun èlò ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ kan, Èkó lónìí, Kútọnu lọ́la, Lomé lọ́tunla.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Nàìjíríà àti Benin, aago kan náà ni. Togo ò bá wọn dọ́gba: aago Lomé fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ, aago ọwọ́ mi ni mo ń tẹ̀ lé. Mo dé ọ́fíìsì kan ní Lomé ní "aago mẹ́sàn-án", ẹni tó ń gbálẹ̀ ni mo bá. Èyí ò pa èèyàn. Bíbọ̀ ló ń pa èèyàn. Èèyàn á kúrò ní Lomé láago méjì, á ní àyè pọ̀, àṣé aago mẹ́ta ti lù ní Kútọnu. Tó bá fi máa la ẹnubodè Hilla-Condji kọjá, tó tún wọ ìlú, gbogbo ọ́fíìsì ti palẹ̀ mọ́. Fóònù náà kì í ṣe ọ̀rẹ́: ó ń yí aago fúnra rẹ̀ tó bá ti rí nẹ́tíwọ̀kì ìhà kejì, nígbà mìíràn kéèyàn tó kọjá rárá. Mo fi aago ọwọ́ sílẹ̀ sórí aago ilé, mo sì ń kọ àdéhùn báyìí: "10, aago Lomé."

Ẹ̀yin tó ń wá láti Èkó, ẹ rántí pé àwọn ọ́fíìsì ọ̀dọ̀ wa máa ń ti ilẹ̀kùn lọ jẹun lọ́sàn-án, láti bíi aago méjìlá ààbọ̀. Ẹni tó bá dé láago kan, òun àti ológìnní ni yóò jọ jókòó.

Akin_Leeds · Ọjọ́rú, 9:48 alẹ́

Ẹ káalẹ́ láti Leeds. Iṣẹ́ tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe jọ tèmi: kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìdágìrì olè ni mò ń so, ilé sí ilé.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín sọ, "ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ méjì", wọ́n ti gbé irú rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Yúróòpù. Ilé iṣẹ́ kan ní Sípéènì ti àwọn ọ́fíìsì agbègbè rẹ̀ ní 2011. Láti ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ilé wọn lọ tààrà sọ́dọ̀ oníbàárà àkọ́kọ́, wọ́n sì ń ti ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn padà sílé. Ilé iṣẹ́ ní ìrìn yẹn kì í ṣe iṣẹ́, ìsinmi ni. Ní September 2015, Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní rárá, iṣẹ́ ni: ẹni tí kò ní ojú ibi iṣẹ́ kan pàtó, ìrìn wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Iye wákàtí iṣẹ́ ni ẹjọ́ yẹn dá lé o, kò sọ iye owó tí wọ́n máa san. Ní Britain níbí, tí wọ́n bá ń ṣírò owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin gbà, ìrìn láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan sí èkejì wọlé, ìrìn láti ilé sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ò wọlé. Àwọn èèyàn wa tó ń tọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé, ẹ fetí sí ìyẹn dáadáa.

Mo mọ̀ pé òfin yẹn ò dé Ìbàdàn. Ohun tó fún mi ni ọ̀nà tí mo fi ń kọ wákàtí mi sílẹ̀. Mo fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé kékeré, ó di òpó mẹ́rin: ọ̀nà, ìdúró, irinṣẹ́, ìwé kíkọ. Bí mo bá ti yí láti ọ̀kan sí èkejì, mo kọ aago. Ẹ má fi ìdúró pamọ́ sábẹ́ ọ̀nà. Ọ̀gá tó bá rí "ọ̀nà: wákàtí mẹ́jọ" á ní ẹ lọ ń ṣeré. Tó bá rí "ìdúró de kọ́kọ́rọ́: wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú", oníbàárà ló máa pè.

Atúnẹ̀rọṣe_Ìbàdàn · Ọjọ́rú, 10:11 alẹ́

Akin, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ń lọ sí Òṣogbo àti Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá gbìyànjú gbogbo rẹ̀, màá padà wá jíṣẹ́.

Atúnẹ̀rọṣe_Ìbàdàn · Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì, 8:25 alẹ́

Mo ti dé o.

Mo pe Òṣogbo lọ́jọ́ Àìkú. "Ẹ máa bọ̀." Mo ní, "Ta ló máa ṣílẹ̀kùn?" Ó dákẹ́. Ìyá Moréni, bí mo ṣe gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ̀rín pa mí. Ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ Ajé. Bí mo bá ti lọ ni, ìrẹsì ìsọmọlórúkọ ni ǹ bá jẹ bọ̀. A sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, mo sùn síbẹ̀, aago mẹ́jọ ku díẹ̀ mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Aago mọ́kànlá mo ti parí, rìpọ́ọ̀tù náà ti parí, lórí àpótí.

Ti Ìlọrin ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Tírélà dábùú ọ̀nà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, a dúró fún wákàtí mẹ́ta, òógùn bò wá. Ìpè fóònù kankan ò lè gbé tírélà. Àmọ́ mo kọ ọ́ sílẹ̀, sábẹ́ ọ̀nà. Mo tún kí ìyá ìyàwó mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún, pẹ̀lú búrẹ́dì méjì. Alhaja, wọ́n ní kí n kí yín.

Mo kó ìwé náà fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ìdúró de oníbàárà ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ àádọ́ta ìṣẹ́jú péré, mo sì tún kọ ti ọ̀sẹ̀ Àkúrẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti orí. Ó wo ti Àkúrẹ́ yẹn títí. Ó wá pe akọ̀wé, ó ní láti òní lọ, kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni lówó ọkọ̀ tí orúkọ ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn ò bá sí lórí fọ́ọ̀mù. Bàbá Dẹ́rẹ́bà, ti àga ọkọ̀ nìkan ni ò yọrí sí rere. Mo san owó àga kan tó ṣẹ́ kù ní gáréèjì, akáǹtì ní kí n mú ríṣíìtì wá fún ẹni tí kò jókòó.

Àbámẹ́ta mi ṣófo pátá. Ìyàwó mi rí i pé ó ṣófo, ó ní kí n wo jẹnẹrétọ̀ ilé.

Bàbá_Dẹ́rẹ́bà · Ọjọ́ Àìkú, 8:33 alẹ́

Akáǹtì yẹn ò wọ ọkọ̀ gáréèjì rí.

Ọmọ_Àgbẹ̀dẹ · Ọjọ́ Àìkú, 8:36 alẹ́

Ọ̀gá, métírọ̀n Àkúrẹ́ ńkọ́?

Atúnẹ̀rọṣe_Ìbàdàn · Ọjọ́ Àìkú, 8:41 alẹ́

Ó pè mí lánàá. Ẹ̀rọ àwọn tún ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀, kò séwu. Mo ní, "Mà, ta ló máa ṣílẹ̀kùn?" Ó ní, "Èmi ni." Mo ní, "Ṣé kò sí òkú lọ́sẹ̀ yẹn, Mà?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n dúró kí òun wo kàlẹ́ńdà. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Jẹ́ ká sọ ọ́ di Ọjọ́bọ̀."